Àpáàdì Ifẹ̀ àti Kọ́nkéré Iwájú Gbọ̀ngàn Wa

Láti ìgbà tí àwòrán iwájú gbọ̀ngàn ti jáde lórí gúrúùpù, ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ. Kọ́nkéré tí a dá owó ṣe láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ gbọ̀ngàn ti fọ́. Òjò ọdún méjì péré ló rí. Apá ọ̀tún ti rì, àárín ti là láti orí dé ìdí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí mọ́tò ti ń yí padà sì ti ń ya bí búrẹ́dì tí eku jẹ. Àwọn kan ní bíríkìlà ló jẹ owó. Àwọn kan ní sìmẹ́ǹtì ayé òde òní kò lágbára mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà lókè òkun fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá ò gba kọ́nkéré, pé òjò àti oòrùn wa ti pọ̀ jù, ká kúkú da òkúta síbẹ̀ ká jókòó jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìtàn ò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ilẹ̀ Yorùbá yìí kan náà, abẹ́ òjò yìí kan náà, ni àwọn baba ńlá wa ti tẹ́ ilẹ̀ tó le, tó sì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Bẹ́ ẹ bá dé Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó fi ojú ara yín rí i.

Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Àpáàdì yẹn náà ni mò ń wí, àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ìyá wa fi ń fọn iná láti ilé dé ilé. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó ni wọ́n ṣàdédé kan àwọn ère idẹ, ni Frank Willett, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ariwo àwọn ère yẹn pọ̀ débi pé èèyàn díẹ̀ ló bojú wo ilẹ̀ tí wọ́n bá pẹ̀lú wọn. Láàárín 1971 sí 1973, Peter Garlake tún wa ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalára àti ní Wóyè Àsírí, nínú Ifẹ̀ náà ni, ó sì bá púpọ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ alápàáàdì wọ̀nyí ti wà láti nǹkan bí 1100 sí 1400. Kò sí ní Ifẹ̀ nìkan o. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní ìlú Benin, títí dé ilẹ̀ olómìnira Benin àti Togo.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọ̀ọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìlú, torí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ sófin, iṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́ ni ìyà rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ó kéré tán, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wọn, àní ọba ló dá sí i.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Bí ẹ bá fún èmi àti ẹ̀yin ní àpáàdì pé ká tẹ́ ilẹ̀, a ó fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ bí táìlì. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà án ró ni. Wọ́n to gbogbo ẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fara ti èkejì gbágbá, bí ìwé ṣe ń wà lórí pẹpẹ. Níbòmíràn wọ́n to ó bí eegun ẹja, ìlà kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì. Ibòmíràn wọ́n fi òkúta akọ funfun wẹ́wẹ́ ṣe ìlà sí àárín. Ó rẹwà, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́. Àpáàdì tó bá dùbúlẹ̀ á ṣẹ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Èyí tó bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́ á gbé ẹrù náà lọ tààrà sínú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Amọ̀ tí iná ti jó ni, omi ò lè mú un wú, oòrùn ò lè mú un sún kì. Bí ilẹ̀ bá sì mì díẹ̀ lásìkò òjò, àfo tóóró tó wà láàárín àpáàdì kọ̀ọ̀kan á mì pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti máa là, torí pé ó ti là káàkiri tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá gbà kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Omi náà sì wà lọ́kàn wọn. Ilé àwọn àgbà jẹ́ ilé tó ní àgbàlá láàárín, òrùlé á da omi sínú àgbàlá, omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ alápàáàdì ló gba omi yẹn láì di ẹrẹ̀, a sì rí ibi tí wọ́n ti la ojú ìṣàn omi sí i. Ilẹ̀ tí òjò ń dà lé lórí láti òrùlé lójoojúmọ́ fún oṣù méje lọ́dọọdún, tó sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi mọ́ pé òjò wa ni kò gba ilẹ̀ títẹ́.

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ èèyàn àti ti ẹran ló ń rìn lórí rẹ̀, tíípà kankan ò gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò ní ká lọ fọ́ ìkòkò ìyá wa láti ṣe ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn o. Ohun tí mò ń wí ni pé àwọn èèyàn yẹn mọ ìdí tí ilẹ̀ títẹ́ fi ń bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbóná.

Ìdí yìí náà ni ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, torí pé láti ìgbà tí a ti ń jà lórí gúrúùpù, kò tíì sí ẹni tó béèrè irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ kọ́nkéré náà. Àwọn àgbà tó ń dáko ò ní gbàgbé béèrè. Wọ́n mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí ilẹ̀ yanrìn, wọ́n mọ amọ̀, wọ́n mọ àkùrọ̀, wọ́n mọ ibi tí yangí wà. Ilẹ̀dú dára fún iṣu, kò dára fún mọ́tò. Ewé àti gbòǹgbò tó jẹrà ló wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, bí ẹrù bá gùn ún lórí á rì. Amọ̀ le bí òkúta lásìkò ọyẹ́, bí òjò bá dé á mu omi yó, á wú, á tún sún kì bí ó bá gbẹ. Kọ́nkéré tó bá wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnìkan ń gbé sókè sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo òru. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dun ún.

Yangí ni ọ̀rẹ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojúbọ Èṣù mọ yangí dáadáa, òkúta pupa oníhò yẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà nípa rẹ̀ ni pé òjò gan-an ló dá a. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òjò ilẹ̀ olóoru á máa fọ ilẹ̀, á fọ ohun tó lè yọ́ nínú rẹ̀ lọ, ohun tó ní irin nínú ló máa ṣẹ́ kù, òun ló fi pupa. Ní 1807 ni Francis Buchanan, ará Scotland tó lọ káàkiri gúúsù India, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará ibẹ̀ ń gé irú ilẹ̀ yìí bíi bíríkì nígbà tí ó bá rọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ sí i á le koránkorán. Látinú ọ̀rọ̀ Látìn fún bíríkì ló ti mú orúkọ tí àwọn oyinbo ń pè é, laterite. Àwa ti ń pè é ní yangí tiwa láti ọjọ́ pípẹ́.

Yangí tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, bí a bá dà á ní ìpele ìpele tí a rọ omi díẹ̀ sí i tí a sì lù ú, á dì mọ́ra, kò ní máa wú. Àwọn tó kọ́ ilé alámọ̀ mọ ọgbọ́n ìpele yìí: ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Àwọn ìyá wa tó ń lu ilẹ̀ yàrá kí wọ́n tó fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ mọ̀ pé lílù ló ṣe pàtàkì ju rírẹ́ lọ. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906, kí ọ̀dà tó dé, ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà mọ́tò ayé ìgbà yẹn. Títí dòní, abẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà tó bá dára, yangí lẹ máa bá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, gbogbo ilẹ̀ pupa kọ́ ni yangí. Tíípà á kó amọ̀ pupa wá fún yín, wọ́n á ní yangí ni. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ rọ omi sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bí ó bá gùn bí okùn tí kò já, amọ̀ nìyẹn, kí wọ́n máa gbé e padà.

Ó wá kan sìmẹ́ǹtì. Irú sìmẹ́ǹtì tí à ń lò yìí, Joseph Aspdin, bíríkìlà ará Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1824, ó sì pè é ní Portland. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil ló sọ iṣẹ́ bíríkìlà di iṣẹ́ iyì. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọkọ̀ òkun ló ń kó sìmẹ́ǹtì wá láti òkèèrè lákòókò yẹn, ó sì pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwa. Nkalagu ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1957, lẹ́yìn náà ni Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ewékorò ni wọ́n ń sun. Nítorí náà, ẹni tó bá ní sìmẹ́ǹtì jẹ́ ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa, inú ilẹ̀ wa ló ti ń jáde.

Ìtàn sìmẹ́ǹtì kan tún wà tí àwọn bàbá wa máa rántí, ti 1975. Owó epo ti wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Gowon fẹ́ kọ́ bárékè àti ilé kiri, ni wọ́n bá ra sìmẹ́ǹtì láti òkè òkun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Ẹ gbọ́ iye tí èbúté Èkó lè já sílẹ̀ lọ́dún kan: nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ tó lé ní 400 ló tò sórí omi, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ló ru sìmẹ́ǹtì, tí ìjọba sì ń san owó ìdúró fún wọn lójoojúmọ́. Nínú ọ̀rinrin yẹn, sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú àpò. Gowon kúrò lórí oyè ní July ọdún yẹn, ọkọ̀ ò tíì tán lójú omi.

Kì í ṣe torí àtirẹ́rìn-ín ni mo ṣe sọ èyí. Sìmẹ́ǹtì ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ wa sì kún fún omi lásìkò òjò. Àpò tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, tó ní kókó nínú bíi gàrí tó bu, kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ bi ara yín, ọ̀sẹ̀ mélòó ni àwọn àpò tiwa fi wà nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lórí ilẹ̀ lásán, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Owó ìpele kejì ni a ń retí. Àwa náà ṣe 1975 tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé òkè òkun fún ìṣẹ́jú kan, torí ẹ̀gbọ́n wa tó wà níbẹ̀. Ìlú kékeré kan wà ní Ohio ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bellefontaine. Ní 1891, George Bartholomew lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú pé òun fẹ́ fi kọ́nkéré ṣe ojú títì. Wọn ò gbà á gbọ́, ta ló ti rí irú rẹ̀ rí? Ohun tó ṣe ni pé ó fi 5,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìlú gẹ́gẹ́ bí onídùúró: bí ojú títì náà bá bàjẹ́ láàárín ọdún 5, kí ìlú mú owó náà. Wọ́n jẹ́ kó ṣe díẹ̀ ná, ìlà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, níbi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ó dára ni wọ́n ṣe títì Court Avenue ní 1893. Ojú títì yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Kì í ṣe pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ dáa ju tiwa lọ o, yìnyín ń wọ inú ilẹ̀ wọn lọ́dọọdún, á dì, á yọ́, á tún dì. Tiwọn le, tiwa náà le, ọ̀nà tó gbà le ló yàtọ̀.

Ohun méjì ni mo mú nínú ìtàn Bartholomew. Èkíní, díẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Èkejì, ó dúró fún iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ta ni nínú wa tó béèrè onídùúró lọ́wọ́ bíríkìlà tiwa? A san owó rẹ̀ pé lọ́jọ́ tó parí, a tún ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.

Ó tó àkókò kí n sọ ohun tí a rí. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin gbé wẹ́wẹ́ kan tó ti ya kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì wọ̀n ọ́n. Níbì kan, íńṣì 4 ni kọ́nkéré náà nípọn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síbẹ̀, kò ju íńṣì 2 lọ. A wo abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀dú ni, gbòǹgbò koríko ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn ò gé ilẹ̀, wọn ò da yangí, wọn ò lu nǹkan kan. Wọ́n kàn da kọ́nkéré sórí koríko. Omi òrùlé gbọ̀ngàn sì ń já sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ gan-an, torí a ò ṣe gọ́tà, ibẹ̀ náà ló rì.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ kí n dárúkọ bíríkìlà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́. Ọjọ́ Ìlú ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í da kọ́nkéré, àwa la ní kó yára. Ó da omi púpọ̀ sí àdàlù kó lè tètè tàn ká, a rí i, a ò sọ̀rọ̀. Láti 1918 ni Duff Abrams ní Chicago ti fi hàn pé bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ju sìmẹ́ǹtì lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára kọ́nkéré ń dín kù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50 kílò, nǹkan bíi lítà 25 omi ló tó o, a sì gbọ́dọ̀ yọ omi tó ti wà lára yanrìn kúrò nínú rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti díẹ̀ nìyẹn. Tiwa ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Apá tó dùn mí jù ni èyí. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n da kọ́nkéré náà, ọkọ̀ tó kó àga àti kánópì dé. Èmi ni mo ṣí géètì fún un. Mo tilẹ̀ ń fi ọwọ́ júwe fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa wọlé bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀. Kọ́nkéré tó pé ọjọ́ 7 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ni, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà fún un kó tó dàgbà. Kò tilẹ̀ rí omi mu láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kọ́nkéré ń gbẹ ni, bíi aṣọ lórí okùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì nílò omi láti fi le ni, bí oòrùn bá fa omi náà jáde kó tó parí iṣẹ́, lílà ló kù. Oòrùn ọ̀sán wa àti ọyẹ́ ló burú jù fún un. Àpò tútù tàbí ọ̀rá ló yẹ kí a bò ó, kí a máa rọ omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé lè ṣe ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ní báyìí, ohun méjì ló wà níwájú ìpàdé gbogbogbòò. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí a fi sìmẹ́ǹtì tuntun bo gbogbo ti àtijọ́ lórí, láti géètì dé ẹsẹ̀ gbọ̀ngàn, kó lè dùn ún wò kí Ọjọ́ Ìlú tó dé. Mo gbọ́ àwọn àgbà wa, owó tó wà lápò ni wọ́n ń wò, ìtìjú iwájú àlejò ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀dú yẹn ṣì wà nísàlẹ̀. Bí a bá fi aṣọ àrán bo egbò, egbò náà kò tíì jinná.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìdajì. Kí owó yẹn kan náà ṣe láti géètì dé ibi igi máńgòrò lọ́dún yìí, kí a sì ṣe é láti ìsàlẹ̀. Kí a fọ́ ti àtijọ́. Kò ní ṣòfò, àfọ́kù rẹ̀ á wúlò lábẹ́ yangí níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Kí a gé ilẹ̀dú kúrò pátápátá títí a ó fi kan ilẹ̀ tó le. Kí a da yangí ní ìpele íńṣì 4 sí 6, kí ránmà lu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èkejì tó dé. Kọ́nkéré íńṣì 4 tó fún mọ́tò lásán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kánópì àti ọkọ̀ omi ń wọ ọgbà wa, nítorí náà íńṣì 6 ni mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ nìkan níbi tí ọ̀gá máa wò. Kó da orí kọ sí ìhà gọ́tà, íńṣì kan ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4, kí gọ́tà náà sì wà kí kọ́nkéré tó wà. Kí wọ́n sì gé ojú rẹ̀ ní ìkan ìkan, bíi gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Kọ́nkéré á là, kò sí bí a ṣe lè ṣe é, sísún kì ló ń mú un là. Bí a bá ti gé ojú ibi tó máa là sí, á là sínú ojú tí a gé, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ohun tí àpáàdì Ifẹ̀ ń ṣe láàárín àfọ́kù kan sí èkejì nìyẹn.

Nípa sìmẹ́ǹtì, ẹ wo ara àpò. Ẹ ó rí 32.5 tàbí 42.5. Ní 2014, àjọ SON sọ pé rírẹ́ ògiri ni 32.5 wà fún. Ẹ jẹ́ ká ra 42.5, ká sì rà á ní ọ̀sẹ̀ tí a máa lò ó. Yanrìn ṣáápù tó mọ́ ni kí wọ́n kó wá, kì í ṣe yanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri.

Owó bíríkìlà ńkọ́? Kí a san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ìyókù wà lọ́wọ́ akápò títí òjò ọdún kan máa fi kọjá lórí rẹ̀. Bartholomew fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà tó bá kọ̀ ti sọ ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ fún wa.

Lórí àsìkò, kí a má fi Ọjọ́ Ìlú ṣe gbèdéke mọ́. Ìparí October sí November ló dáa jù fún wa, nígbà tí òjò bá ti ń lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ yangí lílù ni àwọn àlejò máa gbà wọlé lọ́dún yìí, kí wọ́n gbà á. Ilẹ̀ yangí tó bá le kì í ṣe ìtìjú.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìbò, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ náà papọ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago 7 àárọ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa gbẹ́ ihò mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan nídìí máńgòrò, ọ̀kan níbi tí apá ọ̀tún ti rì. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì tàbí dígà kó mú un dání. Èmi á mú ìgò ńlá mẹ́ta wá, irú èyí tí a lè rí inú rẹ̀. A ó bu erùpẹ̀ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, a ó rọ omi kún un, a ó mì í, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á dúró lókè, olúkúlùkù á sì rí iye tó jẹ́. Mo ti bẹ bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà pé kí wọ́n wá bá wa wò ó, wọ́n ti gbà. Fọ́tò ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà lórí gúrúùpù ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.